Èsì: Ilé yíyá ní Odò-Adó

Àbúrò mi, o béèrè bóyá kí o gba yàrá méjì tí o rí ní Odò-Adó, àdúgbò kan láàárín ìlú Adó-Èkìtì, tàbí kí o lọ sí àwọn ilé tuntun lójú ọ̀nà Ìwọ̀rọ̀kó. Èmi á ní kí o gba ti Odò-Adó. Mo ti gbé ibẹ̀ rí, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ dénú.

Láti ọdún 1996 tí Adó ti di olú-ìlú ìpínlẹ̀ Èkìtì ni àwọn tó lówó ti ń kọ́lé lọ sí ẹ̀yìn ìlú. Ìdí nìyẹn tí owó ilé láàárín ìlú fi ṣì rọjú. Ní báyìí, wọ́n ti ń wó ilé alámọ̀, wọ́n ń fi búlọ́ọ̀kù kọ́ tuntun sójú rẹ̀. Ẹsẹ̀ ni mo máa ń fi rìn lọ sí Ọjà Ọba. Owó ọ̀kadà tí mi ò san, iṣu ni mo fi ń rà.

Omi òjò nìkan ni kí o ṣọ́ra fún. Yàrá tí mo kọ́kọ́ gbà wà ní ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Mo rí ìlà pupa kan lára ògiri, ó tó orúnkún mi, mo rò pé ọ̀dà ló ṣí. Àṣé ibi tí àgbàrá dé lọ́dún tó kọjá ni! Bẹ́ẹ̀dì mi rin gbingbin lóṣù Kẹsàn-án. Nítorí náà, wo ìdí ògiri dáadáa, kí o sì bi àwọn ìyá tó ń tajà níwájú ilé. Wọn ò ní parọ́ fún ọ bíi ti ejẹ́ńtì. Tí kànga bá wà lágbàlá, fa omi wò kí o tó sanwó.