Ṣé Ó Tọ́ Kí N De Ẹsẹ̀ Pèpéle Epo Mọ́ Ilẹ̀ Òkun Pinpin?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mò ń ṣèwádìí lórí bí pèpéle epo onírin tó wà lójú òkun Santa Barbara, ní California, yóò ṣe mì bí ìmìtìtì ilẹ̀ bá dé. Nínú kọ̀ǹpútà, mo de ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ ilẹ̀ òkun pinpin. Olùkọ́ mi ní kò tọ́. Kí ló burú níbẹ̀?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, òótọ́ ni olùkọ́ rẹ sọ. Pèpéle bíi Harmony, tí wọ́n gbé kalẹ̀ lágbègbè yẹn ní 1989, wà nínú omi tó jìn tó nǹkan bí 365 mítà, páìlì, ìyẹn òpó irin gígùn tí wọ́n gbá wọnú ilẹ̀, ló sì dì í mú. Bí ilẹ̀ bá mì, ilẹ̀ tó yí páìlì ká máa ń jọ̀wọ́ díẹ̀. Bí o bá de ẹsẹ̀ pa, pèpéle rẹ á le ju bó ṣe yẹ lọ, á máa yára mì, agbára tí kọ̀ǹpútà á sì kà sí i lọ́rùn kì í ṣe tirẹ̀. Èyí tó dùn mí jù ni pé páìlì kò sí nínú ìṣirò rẹ rárá, bẹ́ẹ̀ ìsàlẹ̀ ojú ilẹ̀ díẹ̀ ló ti sábà máa ń tẹ̀ jù.

Fi páìlì sí i, kí o to sípíríǹgì tó dúró fún ilẹ̀ sí i lára. Orúkọ tí a ń pè wọ́n ni p-y fún ẹ̀gbẹ́, t-z fún ara páìlì lóròó, Q-z fún ìdí rẹ̀. Ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, ilẹ̀ tó rọ̀ àti ilẹ̀ tó le, torí kò sẹ́ni tó mọ ilẹ̀ abẹ́ òkun délẹ̀délẹ̀.

Má gbàgbé omi. Mú páìpù kan lára pèpéle náà, tó fẹ̀ ní mítà 1, tí irin rẹ̀ nípọn ní mìlímítà 25. Mítà kan rẹ̀ wúwo tó nǹkan bí 600 kílò. Bó bá ń mì sí ẹ̀gbẹ́, omi ìta tó ń bá a lọ bọ̀ tó 800 kílò. Bí omi bá kún inú rẹ̀, 730 kílò mìíràn rèé. Irin ló kéré jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta!

Nígbà ìmìtìtì ńlá tó ṣọ̀wọ́n, a gbà kí irin tẹ̀, ṣùgbọ́n pèpéle kò gbọdọ̀ wó lé àwọn òṣìṣẹ́ lórí. Ibẹ̀ ni irin ìdábùú, èyí tó so ẹsẹ̀ pèpéle pọ̀, ti ń tan ènìyàn jẹ: bó bá jẹ́ ẹyọ kan tó tọ́ gbọnrangandan nínú kọ̀ǹpútà, ó lè ru ju ohun tí irin gidi máa ru kó tó ká. Gé e sí ègé bíi mẹ́rin, fún un ní ìtẹ̀ kékeré látìbẹ̀rẹ̀, kí o sì wo irin tí ẹrù ń sá lọ bá nígbà tí ọ̀kan bá ká.