Ọrẹ fún ìrìn-àjò rédíò kì í ṣe owó káàdì QSL

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Ẹgbẹ́ rédíò amateur kékeré kan ni àwa, ní Ìbàdàn, àwa tí a ń fi rédíò bá ará ayé sọ̀rọ̀ láìgba owó. Àwọn kan tó fẹ́ lọ gbé rédíò kalẹ̀ sí erékùṣù àdádó kan ń bẹ̀bẹ̀ fún ìrànwọ́ owó, wọ́n sì kọ ọ́ pé ẹni tó bá dáwó yóò tètè rí ìjẹ́rìí ìbánisọ̀rọ̀ rẹ̀ gbà ju àwọn yòókù lọ. Ọ̀kan nínú wa ní káàdì QSL, ìyẹn káàdì tí a fi ń jẹ́rìí sí ìbánisọ̀rọ̀, ni wọ́n ń tà. Ẹlòmíràn ní bí kò bá sí owó, kò sẹ́ni tó máa dé ibẹ̀. Ṣé ó yẹ ká dáwó? Bí a ò bá sì dá a, ṣé wọ́n lè fi ìjẹ́rìí wa dù wá?

Ìdáhùn: Ẹ lè dáwó bí agbára yín bá gbé e, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ọrẹ lẹ ṣe, ẹ kò ra nǹkan kan. Bí ẹ kò bá sì dá kọ́bọ̀, tí àmì ìpè yín (lẹ́tà àti nọ́ńbà tí a fi ń dá oní-rédíò mọ̀) bá wà nínú lọ́ọ̀gì wọn (ìwé tí wọ́n ń kọ ìbánisọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sí), gbèsè ìjẹ́rìí yín wà lọ́rùn wọn. Ibi tí ọ̀rọ̀ méjèèjì ti ń dàrú mọ́ ara wọn ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi erékùṣù Bouvet ṣàlàyé, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ owó ti hàn kedere jù lọ. Orílẹ̀-èdè Nọ́rwè ló ni ín, ní ìsàlẹ̀ gúúsù òkun Àtìláńtíìkì. Yìnyín bo èyí tó pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀, ènìyàn kankan kò gbé ibẹ̀, kò ní èbúté, ó sì ti di ibi ìpamọ́ ẹ̀dá lábẹ́ òfin láti 1971, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ gbẹ́sẹ̀ lé e gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda. Nínú ètò àmì-ẹ̀yẹ DXCC tí ARRL, ẹgbẹ́ àwọn oní-rédíò amateur ti Amẹ́ríkà, dá sílẹ̀ ní 1937, níbi tí ìwé-ẹ̀rí àkọ́kọ́ ti jẹ́ ti ẹni tó bá ní ìjẹ́rìí láti ibi 100 lórí ilẹ̀ ayé, Bouvet dá dúró gẹ́gẹ́ bí ibi kan fúnra rẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún oní-rédíò fi ń dúró dè é fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ní 2018, ẹgbẹ́ kan tí wọ́n fún ní àmì ìpè 3Y0Z wọ ọkọ̀ ojú omi lọ síbẹ̀. Wọ́n dé tòsí, wọ́n fojú rí erékùṣù náà, ṣùgbọ́n ojú ọjọ́ kò jẹ́ kí wọ́n gúnlẹ̀, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ wọn tún dá wàhálà sílẹ̀, wọ́n sì yí padà sí Cape Town láìbá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ láti ibẹ̀. Ní 2023, ẹgbẹ́ mìíràn lọ pẹ̀lú àmì ìpè 3Y0J. Àwọn wọ̀nyí gúnlẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbì le débi pé inú omi yìnyín ni wọ́n gbà dé etíkun, pẹ̀lú aṣọ adáàbòbò lọ́rùn àti okùn lọ́wọ́. Ẹrù tí wọ́n rí gbé gòkè kéré gan-an sí èyí tí wọ́n ti ṣètò. Síbẹ̀ wọ́n ṣe ìbánisọ̀rọ̀ tó ju 18,000 lọ kí wọ́n tó kúrò, mo sì kà á sí iṣẹ́ akọni.

Iye tí wọ́n ṣètò fún irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀ sí Bouvet ju ìdajì mílíọ̀nù dọ́là lọ, owó ọkọ̀ ojú omi ló sì ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí àṣà, àwọn tó ń lọ gan-an máa ń fi owó púpọ̀ sílẹ̀ láti àpò ara wọn. Lẹ́yìn náà ni àwọn àjọ onírànwọ́ yóò dá sí i, irú bíi NCDXF tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Kalifọ́níà ní 1972, INDEXA, àti GDXF ti Jámánì, kí àwọn ẹgbẹ́ àti ẹnì kọ̀ọ̀kan tó wá fi tiwọn kún un. Owó yìí kò dà bí èsúsú, tí ohun tí o fi sílẹ̀ yóò padà sí ọ lọ́wọ́ nígbà tó bá kàn ọ́. Ẹni tó dáwó ní 2018 lè má rí nǹkan kan, kò sì túmọ̀ sí pé wọ́n lù ú ní jìbìtì.

Nítorí náà, kí ẹ tó fi kọ́bọ̀ sílẹ̀, ẹ bi wọ́n bí ìwé ìyọ̀ǹda bá ti wà lọ́wọ́, bí wọ́n bá ti bá ọlọ́kọ̀ fọwọ́ sí ìwé, iye tí àwọn fúnra wọn ń san, ẹni tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀, àti ohun tí wọn yóò fi ìyókù ṣe bí ọkọ̀ bá yí padà. Ọ̀rọ̀ ìyọ̀ǹda kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé lásán: ARRL lè béèrè ẹ̀rí pé wọ́n gba àṣẹ àti pé wọ́n dé ibẹ̀ ní ti gidi kí ó tó ka ìbánisọ̀rọ̀ wọn sí nǹkan kan.

Ní ti ìjẹ́rìí kíákíá fún ẹni tó dáwó, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ló ń ṣe é báyìí. Wọn a tètè gbé ti àwọn tó ṣe ìrànwọ́ sórí Logbook of the World, èyí tí a ń pè ní LoTW, ètò ARRL tó ń fi lọ́ọ̀gì ẹni méjì wéra lórí íńtánẹ́ẹ̀tì láti fún wọn ní ìjẹ́rìí, tí ti àwọn yòókù yóò sì dúró fún oṣù díẹ̀ tàbí ọdún kan. Èrò tèmi ni pé a lè fara mọ́ ọn bí wọ́n bá ti kéde ọjọ́ tí ti gbogbo ènìyàn yóò jáde kí ìrìn-àjò tó bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n sì pa ọjọ́ náà mọ́. Ìbá dára jù, lójú mi, bí gbogbo rẹ̀ bá jáde lọ́jọ́ kan náà. Ohun tí a kò gbọ́dọ̀ fara mọ́ rárá ni kí wọ́n sọ pé láìsí ọrẹ, kò sí ìjẹ́rìí. Owó ìtẹ̀wé àti owó ìfìwéránṣẹ́ káàdì bójú mu. Kò sí ẹni tó yẹ kó máa fi owó ara rẹ̀ fi káàdì ránṣẹ́ sí gbogbo ayé.

Ibi tí ìdájọ́ òdodo ti ṣòro jù ni inú lọ́ọ̀gì fúnra rẹ̀. Nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá ń pè lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tó wà ní erékùṣù lè gbọ́ lẹ́tà kan ṣì, kí àmì ìpè yín má sì sí níbẹ̀ bó ti yẹ. Bí ẹ bá kọ̀wé sí alábòójútó káàdì, ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ ọjọ́, àkókò, báǹdì (apá ìgbì rédíò tí ẹ lò) àti ọ̀nà tí ẹ gbà sọ̀rọ̀. Òun yóò wá wò ó bóyá àmì ìpè tó jọ tiyín wà ní ìṣẹ́jú náà. Alábòójútó tó bá kọ́kọ́ sọ ohun tó wà nínú ìwé rẹ̀ fún ẹni tó ń béèrè ti ṣí ilẹ̀kùn fún irọ́, ìdí sì nìyẹn tí Club Log, ìkànnì tí àwọn oní-rédíò ti ń yẹ lọ́ọ̀gì wò, fi ń fi báǹdì àti ọ̀nà ìbánisọ̀rọ̀ nìkan hàn, tí kì í fi àkókò hàn. Mo tún gbà gbọ́ pé ẹni tó ń tún lọ́ọ̀gì ṣe kò gbọ́dọ̀ ní orúkọ àwọn tó dáwó níwájú rẹ̀. Bí àtúnṣe bá rọrùn fún ẹni tó fún wọn ní 500 dọ́là ju fún akẹ́kọ̀ọ́ tó fi wáyà kan lórí igi ṣe áńtẹ́nà lọ, lọ́ọ̀gì náà ti bàjẹ́ fún gbogbo wa.

Ní tiyín ní Ìbàdàn, ohun tó sábà máa ń ba ìjẹ́rìí jẹ́ ni aago. UTC, ìyẹn aago kan ṣoṣo tí gbogbo ayé jọ ń lò, ni a fi ń kọ lọ́ọ̀gì káàkiri ayé, aago Nàìjíríà sì fi wákàtí kan ṣíwájú rẹ̀. Agogo méjìlá ààbọ̀ òru mọ́jú ọjọ́ kẹwàá lọ́dọ̀ yín, 23:30 ọjọ́ kẹsàn-án ni ní UTC. LoTW kì í gba ìyàtọ̀ tó ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ láàárín lọ́ọ̀gì méjèèjì, nítorí náà ẹni tó bá fi aago ara ògiri kọ tirẹ̀ kò ní bá wọn mu láé. Láti lo LoTW, ẹ óò fi ẹ̀dà ìwé àṣẹ rédíò yín àti ìwé ìdánimọ̀ mìíràn ránṣẹ́ sí ARRL kí wọ́n lè fún yín ní ìwé-ẹ̀rí orí kọ̀ǹpútà. Gbígbé lọ́ọ̀gì sórí rẹ̀ kò ná yín ní nǹkan kan; ìgbà tí ẹ bá fẹ́ fi ìjẹ́rìí gba àmì-ẹ̀yẹ ni ẹ óò sanwó. Ẹni tó bá fẹ́ káàdì bébà lè béèrè rẹ̀ lórí Club Log, kí ó sì sanwó níbẹ̀, dípò kí ó fi dọ́là sínú àpòòwé tí kò ní dé ibi tó ń lọ.

Bí oṣù tí wọ́n kéde bá kọjá tí ẹ kò rí nǹkan kan, ẹ kọ̀wé pẹ̀lú sùúrù, kí ẹ sì so ohun tí ẹ kọ sínú lọ́ọ̀gì mọ́ ọn, nítorí ọ̀pọ̀ alábòójútó ń ṣe iṣẹ́ yìí lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́ wọn. Bí èsì tí ẹ gbà bá jẹ́ pé àfi kí ẹ dáwó kí wọ́n tó jẹ́rìí, ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn tó ń bójú tó DXCC ní ARRL, nítorí òfin wọn lórí ìwà títọ́ lórí afẹ́fẹ́ kan ọ̀nà tí a ń gbà wá ìjẹ́rìí pẹ̀lú.