Ilé-ìwé mẹ́ta, ẹ̀rọ kan: ta ló máa ra íǹkì?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá wa oníṣirò owó. Èmi ni alága ẹgbẹ́ òbí ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba kan ní Kétu, ní ilẹ̀ Benin. Ilé-ìwé mẹ́ta la wà nítòsí ara wa, àmọ́ kálukú ló ń dá ra ṣọ́ọ̀kì, ló ń dá pe káfíńtà, ló ń dá tẹ ìwé ìdánwò. Mo gbọ́ pé àwọn ilé-ìwé Amẹ́ríkà máa ń da irú ìnáwó bẹ́ẹ̀ pọ̀. Báwo la ṣe lè ṣe é tí kò ní dìjà?

Ìdáhùn: Bàbá, ẹ kú akitiyan lórí àwọn ọmọ. Òótọ́ lẹ gbọ́. Ní ìpínlẹ̀ New York, òfin ọdún 1948 ló dá àwọn àjọ ìfọwọ́sowọ́pọ̀ ilé-ìwé tí wọ́n ń pè ní BOCES sílẹ̀. 37 ni wọ́n lónìí. Agbègbè tí kò lágbára láti dá gba olùkọ́ iṣẹ́ ọwọ́ tàbí onímọ̀ kọ̀ǹpútà máa ń bá àwọn yòókù gbà á níbẹ̀. Kálukú ló ń yan iṣẹ́ tó fẹ́ lọ́dọọdún, ó sì ń sanwó èyí tó yàn.

Ibi owó yìí gan-an ni tiwa ti máa ń bàjẹ́. Mo ti bójú tó ìwé owó ilé-ìwé mẹ́ta kan tó jọ ra ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Oṣù méjì àkọ́kọ́ dùn. Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí ìdánwò bẹ̀rẹ̀, íǹkì tán. Ilé-ìwé tó tóbi jù ní òun kọ́ ló lò ó kẹ́yìn. Èyí tí ẹ̀rọ wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ní owó iná tí òun ń san ti tó. Ojú pátákó làwọn olùkọ́ padà kọ ìbéèrè sí, tí àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn ń na ọrùn. Ó ṣì ń dùn mí.

Nítorí náà, kí ẹ tó dá sẹ́fà kankan, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ta ló ń tọ́jú ẹ̀rọ, ta ló ń kọ iye ojú ìwé tí kálukú tẹ̀, èló lẹ ń yà sọ́tọ̀ lóṣooṣù fún íǹkì àti àtúnṣe. Kí àwọn dìrẹ́tọ̀ àti àwọn alága òbí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fọwọ́ sí i.

Ẹ má pín owó náà lọ́gbọọgba o. Ká ní ọmọ 180, 240 àti 420 lẹ ní, tí ìtẹ̀wé ọdún kan jẹ́ 84,000 sẹ́fà. Bí ẹ bá dá a sí ọ̀nà mẹ́ta, 28,000 ni kálukú máa san, èyí tó kéré jù á wá máa ru ẹrù àgbà. Iye ọmọ ni kí ẹ fi pín in, 100 sẹ́fà lórí ọmọ kan: 18,000, 24,000, 42,000.

Ní ti káfíńtà, ẹ kó àwọn àga tó ti ṣẹ́ jọ de ọjọ́ kan ṣoṣo, ẹ̀ẹ̀kan ni yóò gba owó ọkọ̀. Ẹ jọ ra ṣọ́ọ̀kì. Bí ẹ bá ń dáná fáwọn ọmọ, ẹ jọ ra àgbàdo àti ẹ̀wà nígbà ìkórè, kó gbẹ dáadáa kí ẹ tó kó o pamọ́, àmọ́ kí kálukú máa dá se tirẹ̀. Mi ò fara mọ́ kí ọmọ kékeré máa sọdá títì lọ jẹun.

Òrùlé àti kíláàsì tuntun ńkọ́? Ẹ má dì í ru àwọn òbí. Òfin ti gbé kíkọ́ àti àtúnṣe ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba lé kọ́múùnù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, lọ́rùn. Ẹ jọ kọ lẹ́tà kan sí mẹ́ẹ̀rì, ẹ so àwòrán òrùlé tó ń jò mọ́ ọn, kí ẹ sì gba òǹtẹ̀ sórí ẹ̀dà tó máa wà lọ́wọ́ yín.