Ẹ má fi àmì àyọlò sínú fstab

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì ṣe ohun tí wọ́n ní kí ẹ ṣe yẹn. Ẹ kọ /media/Foto Gelede sínú /etc/fstab (fáìlì tí Linux fi ń mọ dísìkì tó máa so mọ́ kọ̀ǹpútà nígbà tó bá ń tàn), kọ̀ǹpútà ò tàn dé ojú iṣẹ́ mọ́, ojú dúdú ló ń gbé wá, ẹnì kan wá ní kí ẹ fi " " ká orúkọ náà. Ní Kétu níbí, èmi náà gba ìmọ̀ràn yẹn nígbà tí mo ń kó fọ́tò Gẹ̀lẹ̀dẹ́ àdúgbò wa jọ. Ilẹ̀ mọ́ bá mi nídìí rẹ̀.

fstab ò mọ àmì àyọlò. Àlàfo ló fi ń pín ìlà: dísìkì wo, ibo la ó so ó mọ́, irú wo ni, àṣàyàn wo ló ní. Tó bá ti ka /media/Foto tán, ó gbà pé ibi tí à ń so ó mọ́ ti parí, ó wá mú Gelede ní irú dísìkì. Ta ló ti rí dísìkì tó ń jẹ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ rí? Bí ẹ bá fi " " sí i, àmì náà á kàn di ara orúkọ ni. Bí a ṣe ń kọ ọ́ nìyí (UUID ni nọ́ńbà ìdánimọ̀ dísìkì yín):

UUID=... /media/Foto\040Gelede ext4 defaults,nofail 0 2

\040 ni nọ́ńbà àlàfo lórí ìṣirò ẹlẹ́ẹ́jọ, 32 ni lórí ìṣirò ẹlẹ́ẹ́wàá tiwa. nofail ò ní jẹ́ kí kọ̀ǹpútà kọ̀ láti tàn bí ẹnì kan bá yọ dísìkì náà.

Ohun tó ṣì mí lọ́nà ni pé nínú bash (ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ), mkdir "/media/Foto Gelede" dára gan-an. Orúkọ kan náà ni, ìkọ̀wé méjì. Crontab (fáìlì iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà ń ṣe fúnra rẹ̀ ní àkókò tí a dá fún un) tún ní tirẹ̀: àmì % níbẹ̀ máa ń di ìlà tuntun, kódà láàárín àmì àyọlò, \% ni kí ẹ kọ. Ẹ má sì da ìlà kankan kọ láti inú Word, torí èyí tó wà lédè Faransé máa ń sọ " di « ».

Láti jáde nínú ojú dúdú tí ẹ wà: ẹ tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà root (alábòójútó kọ̀ǹpútà). Bí ó bá ń kọ̀ ọ́, ẹ wò ó bóyá ó ti ka kíbọ́ọ̀dù AZERTY (ti Faransé) yín sí QWERTY (ti Gẹ̀ẹ́sì), a yín ti di q nìyẹn, / sì wà lórí bọ́tìnnì «! ». (Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo tẹ tèmi kí n tó fura.) Lẹ́yìn náà (ìlà kìíní á jẹ́ kí ẹ lè kọ nǹkan sínú dísìkì, ìkejì á ṣí fáìlì náà):

mount -o remount,rw /
nano /etc/fstab

Ẹ fi # síwájú ìlà náà, kí ẹ tún un tàn. Tí ẹ bá ti tún ìlà náà kọ, ẹ ṣe sudo findmnt --verify àti sudo mount -a láti dán an wò kí ẹ tó pa kọ̀ǹpútà. Bí wọ́n bá ráhùn, ẹ lẹ ohun tí wọ́n sọ síbí.