Lọ́kọ̀ọ̀kan wọ́n ń pani lẹ́rìn-ín, kí ló dé tí eré ò fi dùn?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń ṣètò eré apanilẹ́rìn-ín kan fún tẹlifíṣọ̀n, ìdílé kan àti alábàágbé wọn, ènìyàn mẹ́fà lápapọ̀. Ẹni tó pa wá lẹ́rìn-ín jù lọ́jọ́ ọ́díṣọ̀n ni mo mú fún ipa kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ nígbà tí a ya apá àkọ́kọ́ fi dánra wò, ńṣe ni kálukú ń ṣe tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ṣé kí n tún ìwé eré kọ ni, àbí kí n pààrọ̀ àwọn òṣèré?

ÌDÁHÙN: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fọwọ́ kan ìwé eré. Ọ̀nà tí ẹ gbà yan àwọn òṣèré yẹn ló ń kọ mí lóminú. Ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ yàn wọ́n, bẹ́ẹ̀ wọ́n fẹ́ jọ gbé ilé kan náà. Ẹni tó bá dá nìkan pa yàrá ọ́díṣọ̀n lẹ́rìn-ín mọ bí a ṣe ń fa ojú gbogbo èèyàn sọ́dọ̀ ara ẹni. Tí ẹ bá kó irú rẹ̀ mẹ́fà jọ, ta ni yóò wá gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnì kejì?

Ojú ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ ni ẹ̀rín ti ń wá jù nínú irú eré yìí. Lọ́jọ́ kan tí a ń wá ẹni tí yóò ṣe ẹ̀gbọ́n, òṣèré méjì ló kù. Ọ̀kan fi gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ dá àpárá, a rẹ́rìn-ín títí. Èkejì ò fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan kan. Àmọ́ nígbà tí àbúrò ń purọ́ fún un pé òun ò mọ ibi tí bàtà rẹ̀ wọlẹ̀ sí, ó rọra wo ẹsẹ̀ àbúrò, ó wo ojú rẹ̀, ó tún padà wo ẹsẹ̀. Kò sọ̀rọ̀. Irọ́ àbúrò bá bẹ̀rẹ̀ sí í gùn, ohùn rẹ̀ ń tín-ín-rín sí i. Òun la mú. Ẹni tó ń ṣe àbúrò kò dáa tó bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà tí wọ́n ń ṣètò Frasier, eré apanilẹ́rìn-ín tẹlifíṣọ̀n nípa ọkùnrin kan tó ń jẹ́ orúkọ yẹn, tó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1993, Lisa Kudrow ni wọ́n kọ́kọ́ mú fún ipa Roz, obìnrin tó ń bá Frasier ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ rédíò. Nígbà tí wọ́n ń fi dánra wò, wọ́n rí i pé Roz gbọ́dọ̀ lè ko Frasier lójú jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n sì fi Peri Gilpin rọ́pò rẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Kudrow di Phoebe nínú Friends, eré apanilẹ́rìn-ín tẹlifíṣọ̀n mìíràn, ó sì gba Emmy, àmì-ẹ̀yẹ eré tẹlifíṣọ̀n ní Amẹ́ríkà, fún un nígbà tó yá. Òṣèré gidi ni. Àárín àwọn tó bá a mu ni kò tíì dé. Nínú Frasier yìí kan náà, wọn ò gbèrò àbúrò kankan fún Frasier tẹ́lẹ̀. Fọ́tò David Hyde Pierce ni wọ́n rí, ó jọ Kelsey Grammer, ẹni tó ń ṣe Frasier, nígbà èwe rẹ̀, ni wọ́n bá dá ipa Niles, àbúrò Frasier, sílẹ̀. Ọmọ méjì tó ń ṣe fáàrí bákan náà, bàbá wọn sì jẹ́ ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì: tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ti jókòó, ìjà ti dé.

Ní tiyín, ènìyàn mẹ́fà lè di méjì-méjì lọ́nà 15. Ẹ kọ wọ́n sílẹ̀. Èyí tí ẹ ò bá rí ohun tí àwọn méjèèjì lè bá ara wọn fà, ibẹ̀ ni eré yín ti ń jò. Lẹ́yìn náà, ẹ pe mẹ́fẹ̀ẹ̀fà padà, kí wọ́n máa ka ìran kan ní méjì-méjì, ìran tí kò ní àpárá kankan nínú. Kí ẹ máa wo ẹni tí kò sọ̀rọ̀. Kí ẹ tó lé ẹnikẹ́ni, ẹ pààrọ̀ ipa láàárín wọn ná: Rachel ni wọ́n fẹ́ kí Courteney Cox ṣe nínú Friends, òun ló ní Monica lòún fẹ́.

Tí ẹnì kan bá wà tí gbogbo ẹni tó bá kàwé pẹ̀lú rẹ̀ ń dáa sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun gan-an ò pa yín lẹ́rìn-ín, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ bá tọwọ́ bọ̀wé, kí ẹ wá máa yan àwọn yòókù sí i lára.