Kí ló dé tí ọmọ fi ń sọ pé ìdá mẹ́rin ju ìdá mẹ́ta lọ?

Ìbéèrè: Kíláàsì kẹrin alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mò ń kọ́ ní Ọ̀fà, ọmọ ọgọ́ta. Wọ́n ń ka ìdá bí orin. Ṣùgbọ́n bí mo bá bi wọ́n pé èwo ló tóbi nínú 1/3 àti 1/4, 1/4 ni wọ́n ń mú. Mo ti ṣàlàyé títí, ó sú mi.

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ o, tíṣà. Àwọn ọmọ yẹn kì í ṣe olódo. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń ka ọsàn ni 4 ti ń ju 3 lọ, kò sì já wọn kulẹ̀ rí. Jean Piaget, ará Switzerland (1896–1980), ṣàlàyé pé inú ohun tí ọmọ ti mọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ ki ohun tuntun bọ̀. Bí ohun tuntun náà kò bá wọ inú rẹ̀ ló tó ń tún èrò rẹ̀ tò. Àlàyé yín kò tíì jẹ́ kó rí i pé ìdá kò wọ inú ohun tó ti mọ̀.

Ẹ mú bébà A4 márùn-ún, kí ẹ gé e ní tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́: gígùn 24 sẹ̀ǹtímítà, fífẹ̀ 3. Ọ̀kan á fún yín ní méje. Ọmọ mẹ́rin-mẹ́rin, bébà méjì-méjì. Kí ọwọ́ wọn tó kàn án, ẹ ní: "Búrẹ́dì nìyí. Ọmọ mẹ́ta pín ọ̀kan, ọmọ mẹ́rin pín ìkejì. Ọ̀dọ̀ àwọn wo ni ẹ ti fẹ́ jẹ?" Kí kálukú kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ má fo ibí yìí o, torí ọmọ tí kò bá kọ ọ́ sílẹ̀, bó bá rí òótọ́ tán, á ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ìdá mẹ́rin rọrùn: ká a sí méjì, tún un ká. Mẹ́ta ló ń dà wọ́n láàmú. Kí wọ́n fi rúlà sàmì sí 8 àti 16. Wọ́n á wá gbé 8 sẹ̀ǹtímítà ti 6. Bí gígùn bébà kò bá dọ́gba, iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn: ìdá mẹ́rin bébà gígùn lè ju ìdá mẹ́ta èyí tó kúrú lọ.

Ẹ bi wọ́n pé kí ló sọ 4 di kékeré níbí, kí ẹ sì dákẹ́. Yorùbá ni kí wọ́n fi jiyàn. A dá nǹkan sí mẹ́ta ni a ṣe ń pè é ní ìdá mẹ́ta.

Ìdákẹ́ yẹn kò ní kí ẹ lọ jókòó o. Lev Vygotsky, ará Rọ́ṣíà tó kú ní 1934, sọ pé ohun kan wà tí ọmọ kò lè dá ṣe àmọ́ tó lè ṣe bí a bá ràn án lọ́wọ́; ibẹ̀ ni ipò yín. Ẹ bá a fi àmì sí 8, kí ó fúnra rẹ̀ wá 16.

Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, láìsí bébà, ẹ bi wọ́n: nínú 400 náírà, ẹnì kan yọ ìdámẹ́wàá, ẹnì kan yọ ìdá ogójì bí ìgbà tí a ń yọ sàká, ta ló yọ jù? Ọ̀pọ̀ ọmọ Kwara ló ti gbọ́ méjèèjì rí. 40 àti 10 ni. Ẹni tó bá ní ti ogójì ló pọ̀ jù, ẹ dá a padà sídìí bébà, àmọ́ 1/2 àti 1/8 ni kí ó ká lọ́tẹ̀ yìí: 12 sẹ̀ǹtímítà àti 3, kí ìyàtọ̀ náà hàn gbangba.