Ẹ Bi Wá: Ṣé Kí N Bá Wọn Lọ Eré Ọkọ̀ Ìgbòkun Yíká Ayé?

Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Nọ́ọ̀sì ni mí, Portsmouth nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí lèmi àti ìyàwó mi àtàwọn ọmọ ń gbé. Lọ́dún 2023 táwọn ọkọ̀ Clipper, eré ìje ọkọ̀ ìgbòkun yíká ayé, ń gbéra níbí mo lọ wò wọ́n, látìgbà yẹn ni ọkàn mi ò ti kúrò níbẹ̀ mọ́. Mi ò wọ ọkọ̀ ìgbòkun rí, mi ò sì mọ̀ ọ́n wẹ̀ dáadáa, àmọ́ wọ́n ní kò pọn dandan kéèyàn ti ṣe é rí. Mo ti ń tọ́jú owó, gbogbo ẹ̀ pátá ni mo fẹ́ lọ. Físà iṣẹ́ ni mo wà, ọdún kẹta rèé. Ìyàwó mi ní ohun tẹ́ ẹ bá sọ lòun á fara mọ́.
Bàbá Ìbejì, Portsmouth

Bàbá Ìbejì, àbúrò mi, òótọ́ ni wọ́n sọ fún ẹ. Látìgbà tí Sir Robin Knox-Johnston, atukọ̀ ìgbòkun ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti bẹ̀rẹ̀ eré yìí lọ́dún 1996, àwọn tí kì í ṣe atukọ̀ ló wà fún, ọ̀gá ọkọ̀ tó ń gbowó iṣẹ́ ló ń darí, ẹ̀yin yòókù lẹ máa fa okùn. Nǹkan bí 40,000 máìlì orí òkun ni, oṣù 11, abala 8 ni wọ́n pín in sí, èèyàn sì lè mú ẹyọ kan. Ẹyọ kan yẹn ni mo fẹ́ kó o mú.

Físà ẹ ló ń bà mí lẹ́rù ju òkun lọ. ILR, ìyẹn ìwé àṣẹ láti máa gbé UK títí lọ, lò ń lé, òfin ẹ̀ ò sì gbà kéèyàn wà níta UK ju ọjọ́ 180 lọ láàárín oṣù 12 èyíkéyìí, oṣù 11 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe ìlọ́po méjì ìyẹn, tó o bá tún lọ gba ìsinmi tí wọn ò sanwó fún tó ju ọ̀sẹ̀ 4 lọ lọ́dún, ibiṣẹ́ tó gbà ẹ́ wọlé lè má lè dá ẹ dúró mọ́. Iṣẹ́ ọdún mẹ́ta ló máa bá omi lọ yẹn o! Ìwé ìrìnnà Náìjíríà sì ni tìẹ, wàá máa tọrọ físà Australia, ti China, ti Amẹ́ríkà, ọkọ̀ ò ní dúró dè ẹ́ ní ẹ́ḿbásì.

Owó ńkọ́? Gbogbo ìrìn yíká ayé kọjá 40,000 pọ́n-ùn, yàtọ̀ sí owó ilé tí kò ní dúró àtàwọn tó ń pè láti ilé pé kí Bùọ̀dá rántí àwọn.

Ní ti iṣẹ́ inú ọkọ̀, èmi ti bá wọn lọ abala kan, Cape Town sí Fremantle. O mọ ṣíìfù alẹ́ lóòótọ́, àmọ́ èyí wákàtí 4 ni lóru, 6 lọ́sàn-án, lójoojúmọ́, ibùsùn tẹ́lòmíì ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde níbẹ̀ lo máa sùn sí, ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ọkọ̀ á ti fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wàá máa fi orúnkún di ògiri mú kó o tó lè wọ bàtà. Kó o tó yọ ẹsẹ̀ kejì lórí àkàsọ̀ wàá ti na ọwọ́ síta, wàá fi ìkọ́ okùn àyà ẹ kọ́ irin, wàá fà á wò.

Okùn yẹn ṣe pàtàkì ju ìwẹ̀ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kó o lọ kọ́ ìwẹ̀ jàre. Lọ́dún 2016 nínú eré yìí, obìnrin kan ò tíì fi okùn tiẹ̀ kọ́ irin, ìgbì gbá a lọ ní òkun Pàsífíìkì, wọ́n rí i gbé padà àmọ́ ó ti kú. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ọkùnrin kan fi okùn tiẹ̀ kọ́ irin, ìkọ́ yẹn há sábẹ́ irin, ó tẹ̀, ó já, òun náà kú. Bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2014 ọkùnrin kan lo nǹkan bíi wákàtí kan àbọ̀ nínú Pàsífíìkì kan náà, ó sì yè, aṣọ tómi ò lè wọ̀ wà lára ẹ̀. Ka gbogbo ẹ̀ fún ìyàwó ẹ, má fi ọ̀kankan pa mọ́ fún un.

Gosport tí wọ́n ti ń kọ́ni níwájú ẹ níbẹ̀ ni, ìpele 4 ni ẹ̀kọ́ náà, dandan sì ni. Àmọ́ kó o tó tọwọ́ bọ̀wé, wá iléèwé tí RYA, ẹgbẹ́ tó ń rí sí ọkọ̀ ìgbòkun ní UK, fọwọ́ sí, ṣe ẹ̀kọ́ Competent Crew tó wà fáwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ọlọ́jọ́ márùn-ún, ṣe é nígbà òtútù. Tọ́kàn ẹ bá ṣì ń fà sí i lẹ́yìn ìyẹn, mú abala kan. Nígbà tí ILR bá jáde, wọ́n á ṣì máa lọ yíká ayé.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi obìnrin ti sanwó abala kan, mi ò sì lè sùn. Báwo ni mo ṣe máa mọ ibi tó wà lórí òkun?
Màmá Tọ́lá, Peckham

Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Àwòrán kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní Race Viewer, gbogbo ọkọ̀ ló wà níbẹ̀ lórí máàpù, ẹ ní kó fi hàn yín lórí fóònù kó tó lọ. Ẹ wo orúkọ ọkọ̀ tiẹ̀, ẹ kọ ọ́ síbì kan. Tí kò bá pè yín lọ́jọ́ mélòó kan, iṣẹ́ ló wà lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ ṣáà wo máàpù.